Yàrá Oúnjẹ Tí Àlàájà Zulaihat Fi Sílẹ̀ ní Bẹyẹrúnká

Ìyá wa, Àlàájà Zulaihat Sàláúdéènì, ó pé ọdún mẹ́rin géérégé lónìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin! Ó ń ṣe wá bí ẹni pé àná ni a gbé yín jáde láti ọ̀ọ̀dẹ̀.

Ìròyìn pọ̀. Jubril, àkọ́bí yín, ti kan òrùlé ilé tí ẹ bá a fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ọlámilékan, ọmọ-ọmọ yín tó máa ń sá fún abẹ́rẹ́, ti di nọ́ọ̀sì. Òun ló ń gún ẹlòmíràn lábẹ́rẹ́ báyìí. Ògiri ẹ̀yìnkùlé tí ọ̀gbàrá wó, a ti mọ ọ́n padà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Mujeebat, àbíkẹ́yìn yín, la fẹ́ sọ lónìí, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ yín wà, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ láti oṣù tó kọjá.

Ẹ̀yin lẹ dá yàrá náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fún un lófin. Ẹni tó ní lọ́wọ́ á gbé ìrẹsì, ẹ̀wà tàbí gàrí wá, á ní òun wá fi ẹrù pamọ́. Ẹni tí kò ní á gbé àpò òfìfo wá, á ní òun wá gba ẹrù òun. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bi í pé, “Ìgbà wo lẹ gbé e wá?” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ kò jẹ́ kí a sọ nínú yàrá yẹn: sàárà. A rò pé àṣà àgbà lásán ni. A kò mọ̀!

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó kọjá, oúnjẹ ìrànwọ́ tí ìjọba ń pín lóṣooṣù fún àwọn arúgbó àti opó tó ní káàdì dáwọ́ dúró. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń pín in ní Bẹẹrẹ pé kí àwọn alákàádì máa retí ìkéde. Wọ́n retí. Ìkéde kò dé. Ènìyàn méjìlélógún ló ń wá gba ẹrù lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Mujeebat mọ̀ pé àwọn alákàádì àdúgbò yìí tó ọgọ́ta. Ẹ̀rù bà á kí ebi má pa àgbàlagbà kan mọ́lé láìjẹ́ pé òun gbọ́. Ló bá tọ lémọ́mù lọ, ó ní kí wọ́n bá òun kéde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọ̀ ọ́. Nínú ìwé péńpé tó kọ fún wọn, ó kọ ọ́ pé, “Sàárà oúnjẹ wà ní agboolé Sàláúdéènì láàárọ̀ ọ̀la.”

Láago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé, èrò ti kún ojúlé yín dé títì. Wọ́n ti Ìsàlẹ̀ Òsì wá, wọ́n ti Ògùnpa wá. Àwọn géńdé ló ṣíwájú, tí wọ́n ń fi ìgúnpá la ọ̀nà. Yésúfù, ajórin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ló lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ̀yin èèyàn yìí, ebi tó lágbára tó báyìí, ẹ ò ṣe mú un lọ roko?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò sì yé ti ara wọn. A kò bá wọn wí. Ebi kò mọ géńdé. Àpò mẹ́ta tán kí ọ̀sán tó pọ́n. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èrò yẹn, Mujeebat kò rí àgbà alákàádì kan. Kò rí ẹyọ kan! Ìyá Èjìdé tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún kò wá. Tíṣà Oyèdélé, tó kọ́ Mujeebat ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò wá.

Ó sáré gba Oníyanrìn lọ sílé Tíṣà. Ó bá Tíṣà lórí àga, ó de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ọrùn bí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti wọlé. Gàrí tó wà nínú ike lórí tábìlì kò bo ìsàlẹ̀ ike.

“Mujeebat, o pẹ́ kó o tó dé kíláàsì.”

“Ẹ má bínú, sà. Kí ló dé tẹ́ ò wá sílé wa láàárọ̀?”

“Wọ́n ní sàárà ni. Èmi ò tò fún sàárà rí, ọmọ mi. Ẹrù mi ni Àlàájà máa ń ní kí n wá gbà.”

Ẹkún ni Mujeebat sun bọ̀ wálé. Kò tún padà sọ́dọ̀ lémọ́mù. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn, láti ojúlé dé ojúlé, ọjọ́ méjì gbáko. Ohun kan náà ló ń sọ fún gbogbo wọn: “Àlàájà ní ẹrù yín ṣì wà ńlẹ̀ o. Ẹ wá gbé e.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì í pé ó fi orúkọ yín ránṣẹ́ láìgbàṣẹ. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá Èjìdé gbé abọ́ olómorí dání. “Mo wá gba ẹrù mi,” ni wọ́n wí, “kẹ́ ẹ má baà ní arúgbó ti gbàgbé.”

Nítorí náà, ìyá wa, a kò dáná ìrántí lónìí. Ìrẹsì tí a rà fún un ti wọ inú yàrá. Jubril kọ́kọ́ fárígá, ó ní, “Ṣé bí aráyé ó ṣe gbọ́ pé a ò se nǹkan kan fún Àlàájà nìyí?” Mujeebat ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ta ni Àlàájà fúnra wọn ì bá fún jẹ?” Bọ̀ọ̀dá gbé àpò kan sórí, ó gbé e wọlé.

Síbẹ̀, àyà wa ń já. Àwọn tó ń gbà ti di mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, àwọn tó ń fi pamọ́ kò sì pé mẹ́wàá. Ẹ̀wà kò ju àbọ̀ àpò lọ. Bí nǹkan kò bá yí padà, a kò mọ ohun tí Mujeebat yóò sọ fún wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin máa ń wọn kóńgò títí yóò fi ṣe òkìtì lórí, ẹ ó sì tún fi ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe ènì. Láàárọ̀ yìí, ní àyájọ́ ìrántí yín, Mujeebat fi ọwọ́ gbá orí kóńgò tẹ́jú fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò lè gbójú sókè wo Ìyá Èjìdé tó na abọ́ sí i.

“Ó tó, ọmọ mi,” ni ìyá arúgbó náà wí, wọ́n sì dé abọ́ wọn. “Ènì ibẹ̀, Ọlọ́run á bá wa ṣe é.”

Àlàájà, a nífẹ̀ẹ́ yín. Lónìí ni àárò yín sọ wá jù.