Irin Agboòrùn fún Ọkọ̀ Bàbá

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Adéjùmọ̀,
Máfolúkù, Òṣòdì,
Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, 1976.

Olúsọjí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni òtútù ọ̀hún? Ṣé Ọmọ́wùmí ti bọ́ lọ́wọ́ ikọ́ tí o kọ̀wé nípa rẹ̀? Ṣé ẹ̀kọ́ ń lọ déédéé? A rí àwòrán ọmọ tí ẹ fi ránṣẹ́. Ìyá rẹ ti gbé e sórí rédíò, kò sì sí ará ilé tí kò tíì wò ó. Ara ìyá rẹ le. Bàbá rẹ náà ń jẹun, ó sì ń rìn nínú ilé. Ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ ni mo fi ń kọ ìwé yìí, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹlòmíràn tó kọ ọ́ sí ọ.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, má ra àwọn ohun èlò ọkọ̀ tí mo ní kí o bá wa wá ní Newcastle mọ́. Bàbá kò ní lò wọ́n.

Nígbà tí dókítà sọ fún un ní oṣù kẹta pé bóyá ni yóò fi ríran di ọdún tuntun, ohun kan ṣoṣo tí ó lóun fẹ́ fi ìyókù ojú òun ṣe ni kí òun fi igi gbẹ́ àwòrán kékeré Beatrice, ọkọ̀ òkun tí ó ṣe káfíńtà nínú rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, kí òun sì rí i ní píparí. Igi kò wọ́n wa. Láti ìgbà tí owó epo ti wọ̀lú, gbogbo ilé ló ń ra tẹlifíṣọ̀n, a sì ń rí pákó àpótí wọn he lẹ́yìn ilé. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ ló nira. Bàbá a sọ ohun tí ó fẹ́, èmi a sì jáde lọ wá a bí mo bá ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́.

Òrùka irin tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ihò okùn bàtà ni a fi ṣe fèrèsé rìbìtì rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Babáfẹ́mi, ṣúmékà kan ní Bọ́ládé, ni mo ti rí wọn. Ó bi mí pé bàtà ta ló ní ihò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Mo ní ọkọ̀ ló ni ín. Ó ní, “Tíṣà, ẹ lọ sinmi.” Ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró wá láti ara ẹ̀gbà ọrùn kan tó já, lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà ní Ìsọlọ̀. Nígbà tí Bàbá ní òun ń wá nǹkan róbótó kéékèèké tí okùn yóò máa gba inú wọn kọjá, ìyá rẹ wọ yàrá, ó já ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ àtijọ́, ó sì kó o síwájú rẹ̀.

“Bàbá Sọjí, ìlẹ̀kẹ̀ tí mo wọ̀ wá sílé yín ló di ẹrù ọkọ̀ yìí o.”

“Ṣebí kò tó ọ mọ́,” ni Bàbá wí. Ọjọ́ méjì gbáko ni ìyá rẹ kò fi bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà ni àwọn ọkọ̀ kékeré wà, èyí tí èrò máa ń bọ́ sí bí ọkọ̀ ńlá bá fẹ́ rì. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a tẹ̀ lórí ló ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan ró. Bàbá gé gbogbo irin náà lára agboòrùn rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré mẹ́rin ló gbẹ́, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Nígbà tí oṣù kẹjọ fi máa parí, kò ku nǹkan kan ju ọ̀dà lọ.

Èmi ni mo dá iṣẹ́ náà dúró. Mo rí àwòrán Beatrice nínú ìwé ògbólógbòó kan ní yàrá ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ wa. Mo ka àwọn ọkọ̀ kékeré ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n jẹ́ mẹ́ta. Mẹ́fà ni gbogbo wọn, nìyẹn. O mọ̀ mí, n kò lè rí irú rẹ̀ kí n dákẹ́. Mo gbé ìwé náà lọ bá Bàbá. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà.

“Mẹ́rin ni mo mọ̀,” ni ó wí.

“Bàbá, àwòrán rẹ̀ nìyí.”

Ó dá ìwé náà padà fún mi. “Ó dáa. Ìwọ lo kàwé.”

Ó mú ayùn, ó sì gé òkè ọkọ̀ náà kúrò láti fi wá àyè fún méjì sí i.

Ìgbà náà ni a tó rí i pé irin agboòrùn ti tán. Irú èyí tí wọ́n ń tà báyìí fúyẹ́, ó sì ní kòtò nínú. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó ń kán. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi wá ti àtijọ́. Mo dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tó ń tún agboòrùn ṣe láti Bọ́ládé títí dé Ìsọlọ̀, púpọ̀ nínú wọn ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọ̀kan tí ó ń ta aago ọwọ́ báyìí fi mí rẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá, ta ló ń tún agboòrùn ṣe lóde òní? Bó bá ti bàjẹ́, ẹ sọ ọ́ nù, kẹ́ ẹ ra òmíràn.” Níkẹyìn, wọ́n júwe Ìyá Kúnbi fún mi ní Ìsọlọ̀, opó katikíìsì kan tí agboòrùn ọkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó lé mi padà, pé n kò ní tú ẹrù olóògbé lójú òun. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó fà á lé mi lọ́wọ́. “Ẹ máa mú un lọ. Òjò ò pa á mọ́.”

Ọ̀sán gangan ni mo gbé e dé. Bàbá jókòó síwájú ọkọ̀ náà. Ó gba irin, ó fọwọ́ tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní irú rẹ̀ gan-an ni. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá òjò ló ṣú. Kò sí ìkúùkù kankan lójú ọ̀run.

Dókítà ní kò sí ohun tí òun lè ṣe mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dá ìwé yẹn padà. Tinúadé tí ń tọ́jú yàrá ìkàwé ṣàkíyèsí pé bébà kan lẹ̀ mọ́ abẹ́ àwòrán náà. Ó ṣí i, a sì rí ọdún tí wọ́n yà á: 1937. Ọdún 1948 ni Bàbá kọ́kọ́ wọ Beatrice. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní ìtàn, n kò bèèrè ọdún.

Mo lè dákẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. Mo lọ sọ fún un. Ó gbọ́ mi tán.

“Lẹ́yìn ogun ni wọ́n yọ méjì yẹn. Èmi ni mo dí ihò irin wọn. Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi dí i.”

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ náà.

“Mo rò pé mo ti gbàgbé ni. Àgbà ti dé, ìwọ sì mú ìwé lọ́wọ́.”

Kò bínú, ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú. Mo ní kí ó jẹ́ kí n bá a tún òkè ọkọ̀ náà ṣe, ó ní ta ni yóò wò ó. Ìyá rẹ ti fi aṣọ bò ó.

Jọ̀wọ́, bí o bá lè rí àyè, wá sílé ní Kérésìmesì. Jókòó tì í, kí o ní kí ó sọ bí Beatrice ṣe rí fún ọ. Ohunkóhun tí ó bá sọ, gbà á bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí Ọmọ́wùmí, kí o sì gbé ọmọ jó fún mi. Ìyá rẹ ní kí ẹ máa wọ aṣọ tó nípọn.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ọ̀ràn yìí wà lọ́rùn rẹ̀,

Ọlálérè