Ológbò Tó Ń Wọ́ Ẹsẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àárò ilé. Mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ara Màmá ti ń mókun, orókún wọn nìkan ló kù. A ti ṣe òrùlé ilé ìdáná tó ń jò.

Mo gba ológbò kan sílé. Mọ́tò ló gbá a, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì rọ, ó sì ń wọ́ wọn nílẹ̀. Kò lè dá tọ̀, àfi kí n rọra tẹ ikùn rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Màmá ní, "Ọkọ ni mo ní kó o mú wálé, ológbò arọ lo gbé dé." Síbẹ̀, ìró wọn àtijọ́ ni wọ́n fi rán ìlédìí fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni pé mi ò rò pé mo lè wá bá yín gbé mọ́. Mo ní kò sẹ́lòmíràn tó lè tẹ ikùn ológbò náà. Àmọ́ lánàá, Màmá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní, "Ó ti tọ̀. Máa di ẹrù ẹ."

Inú mi kò dùn, láti ìgbà náà ni mi ò sì ti lè jókòó sójú kan. Ṣé ológbò ló dá mi dúró, àbí èmi ni mo ń fi í bojú? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pọ̀n mí, ẹ sọ fún mi.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ gbogbo yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún ẹlòmíràn ní yàrá tẹ́ ẹ ṣètò sílẹ̀ fún mi.

Àbúrò yín.