Èédú Ni Màmá Fẹ́

Kékeré,

Má tan gáàsì yẹn lónìí. Èédú ni kó o fi iná sí. Àpò rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, lábẹ́ tapólì.

Mo mọ̀ pé torí ẹ̀dọ̀fóró Màmá lo ṣe ra gáàsì, má bínú sí mi. Bí wọ́n ṣe jí láàárọ̀ yìí, ẹja yíyan ni wọ́n ní àwọn fẹ́ jẹ, èyí tí wọ́n fi èédú yan. Mo ní, "Màmá, èéfín ò dáa fún yín, gáàsì ṣáà wà." Wọ́n ní ẹja orí gáàsì ò lóòórùn kankan, ni wọ́n bá kọjú sí ògiri.

Mo bá pe dókítà. Mo rò pé ó máa bá mi wí ni. Ó ní, "Ẹ fún wọn ní ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́." Ó yé mi. Á yé ìwọ náà.

Ẹja ni mo lọ rà. Kí n tó dé, gbé àga wọn sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí èéfín ò ti ní kó sí wọn lójú, ṣùgbọ́n tí òórùn á dé ọ̀dọ̀ wọn. Tẹ́kún bá ń gbọ̀n ẹ́, wọ ilé ìwẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá bi ẹ́ ní ohun tí dókítà wí, sọ fún wọn pé ó ní kí wọ́n jẹun dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n rẹ