Egbò Itan Ológbò Rẹ

                                        Ojúlé 14, Òpópónà Adéòṣun,
                                        Olódì-Àpápá,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Agẹmọ, 2024.

Ṣìkẹ́mi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Egbò itan Kọ̀ntéénà, ológbò rẹ tí o gbé wálé láti èbúté, tún ti là. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ìkíni má baà bò ó mọ́lẹ̀. Ṣé dáadáa ni o wà? Báwo ni Ìlọrin àti iṣẹ́ tuntun? Ṣé orúnkún Màmá ti fúyẹ́? Ara tèmi le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tírélà Àpápá kì í jẹ́ kí n tètè délé.

Nígbà tí mo kọ̀wé kẹ́yìn, inú wa ń dùn. O rántí pé ológbò ìta ló bù ú jẹ, tí ojú ibẹ̀ ń sàn, tó tún ń là. Dókítà Adaobi, dókítà ẹran tó wà ní GRA, ti rí ìdí rẹ̀: kòkòrò kan ló fara pamọ́ sínú ọ̀rá abẹ́ awọ. Ó ní kí n máa fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, kí sípíríìtì má kàn án, kí n fi páálí yí i lọ́rùn ká kó má baà lá a. Oògùn rẹ̀, ọ̀pọ̀ oṣù ni yóò fi máa lò ó, ó sì le fún ẹ̀dọ̀. Síbẹ̀, egbò náà ti ń kéré.

Sàídù, awakọ̀ tírélà tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi, ló máa ń fún un lóúnjẹ tí n kò bá tètè dé. Àánú ẹran náà ṣe é. Ó bọ́ páálí náà, ó sì fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó ti dúdú kun egbò náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ajá tó ní kúrúnà ní gáréèjì wọn.

Ó ní, "Àǹtí, ọ́ìlì yìí ti wo ajá mẹ́ta sàn lójú mi. Ṣé ológbò ju ajá lọ ni?"

Ológbò kì í rí ìdọ̀tí lára kó má lá a. Kí n tó dé, ó ti lá a títí egbò náà fi tún là, ó sì ń bì. Philomena, tí ilé wọn kọjú sí tiwa, yọjú lójú fèrèsé: "Àǹtí Morin, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń di báńdéèjì fún ológbò, ọkọ tẹ́ ẹ máa fẹ́ á gbádùn o." Òun náà ló wá aṣọ tí a fi nù ún.

Láti ìgbà náà, kò jẹun. Funfun ojú rẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè. Sàídù ló ń gbé e lọ gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ dókítà, kò sì lè wo ojú mi. N kò bá a jà. Ẹni tó fẹ́ tún un ṣe ló bà á jẹ́.

Dókítà ní tí ẹ̀dọ̀ bá ti bàjẹ́, òun kò lè fún un ní oògùn náà mọ́, láìsí oògùn, egbò yẹn kò ní jiná láéláé. Abẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn lọ tí kò ní jí mọ́ ló kù. Ìwọ lo ni ín. Wọn kò ní gún un láìjẹ́ pé mo gbọ́ tẹnu rẹ. Má retí nǹkan púpọ̀. Èmi kò retí.

Bá mi kí Màmá, sọ fún wọn pé mo ń bọ̀ wá wò wọ́n lọ́dún. Àárọ̀ yìí ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Kọ̀ntéénà láti fi yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, èsì kò tíì jáde.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
Morìnsọ́lá