Yàrá Tí Mo Ń Gbá Lójoojúmọ́

Abẹ́rẹ́, ọmọ mi,

Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun ó ti pẹ́, mi ò rí i gbé mì, mi ò sì rí i tu jáde. Jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó kí ọ, torí mo mọ ara mi, bí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, n ó kí ọ títí ìwé á fi kún. Lọ́jọ́ tí o pè mí tí ò ń sunkún, tí o ní yunifásítì ti sú ọ, pé o fẹ́ di ẹrù rẹ wálé, inú mi dùn. Lójú bàbá rẹ mo káwọ́ lérí, mo ní ọmọ mi ń jìyà, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ báyìí ni mo mú ìgbálẹ̀, mo lọ gbá yàrá rẹ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbá a lójoojúmọ́.

Ó yá, mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé ń jẹ́ kí o sùn? Ẹsẹ̀ tí o fi wọ ibẹ̀ kò ní í kọ, ohun tí o bá lọ, wàá rí i mú bọ̀. Àmín. Bàbá rẹ ń kí ọ láti ìdí iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀. Ó kan àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, ó ní ilẹ̀ ni kò tẹ́jú. Àbúrò rẹ ti gba bàtà tí o fi sílẹ̀. Mo bá a wí, ó ní bàtà tí kò bá rí ẹsẹ̀ á máa ṣàárò. Ẹnu rẹ̀ ti wá mú bíi tìrẹ.

O rántí ìwé pélébé tí ilé-ìwé yín fi ránṣẹ́ sí àwa òbí, nípa ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ ọdún kìíní. Mo ka ìwé mẹ́wàá jáde lóòótọ́, àmọ́ ìwé yẹn mú mi làágùn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé, ìwọ nìkan kọ́ lo wà níbí. Mo ní háà, wọ́n ti rọ́ àwọn ọmọ yìí sínú yàrá bí ẹni rọ́ òwú sínú ìrọ̀rí. Bàbá rẹ ní òun á kan bẹ́ẹ̀dì alájà méjì ránṣẹ́. Wọ́n tún ní ibì kan wà tí wọ́n ti ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti kọ̀wé. Ìyẹn bí mi nínú. Mo fa ìwé tí o ń lò nígbà tí o wà ní kíláàsì kẹta yọ, mo gbé e lọ bá ìyá oníbọ́tìnnì tó wà ní òdìkejì títì, mo ní kó wò ó, ṣé ọmọ tí kò mọ̀wéé kọ nìyí. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ìwé yẹn dára, àmọ́ alángbá tí o yà síbẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. A rẹ́rìn-ín títí, ìgbà tó yá, èmi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Wọ́n tún ní àwọn á fún ọ ní ẹ̀gbọ́n kan láti ọdún kejì, tí yóò máa mú ọ mọ̀nà. Mo ní irú èwo nìyí? Èmi tí mo bí àkọ́bí, ṣé wọ́n tún fẹ́ bá mi bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni? Ti agbaninímọ̀ràn tí wọ́n ní ọmọ lè lọ sọ ohun tó ń dùn ún fún ló wá burú jù. Èmi rò pé ọmọ tó jalè, tàbí tí orí rẹ̀ ti ń yí, ni wọ́n ń pè síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kìlọ̀ fún ọ pé o ò gbọ́dọ̀ tẹ ibẹ̀, pé a kì í ru ọ̀rọ̀ ilé lọ síta, pé bó bá le jù kí o máa bọ̀, yàrá rẹ ń retí rẹ. Mo pe ìyẹn ní ìmọ̀ràn. Ìwọ̀ ni, ọmọ mi, bí èyí tí wọ́n fi ń pẹja.

Nígbà tí o kò gbé fóònù mọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé náà. Obìnrin kan kí mi dáadáa, èmi náà kí i, mo béèrè ilé, mo béèrè ọmọ. Kò dáhùn, ó ní kí n tẹ oókan. Mo tẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un pé àwọn òbí rẹ̀ kò kọ́ ọ dáadáa. Bàbá rẹ ló ní ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni mò ń bá jà.

Níkẹyìn, obìnrin ẹlẹ́ran-ara kan wá gbé e, ó ní agbaninímọ̀ràn ni òun. Ó ní kí n sọ irú ọmọ tí o jẹ́ fún òun. Èmi aránṣọ, mo ka ìwọ̀n àyà rẹ, mo ka ti ìbàdí rẹ, mo ka gígùn ọwọ́ rẹ, mo sì sọ pé èjìká òsì rẹ rẹlẹ̀ díẹ̀ ju tọ̀tún lọ. Ó wá rọra béèrè pé, inú rẹ̀ ńkọ́, Màmá? Tépù wà lọ́rùn mi, mi ò mọ ibi tí n ó nà án sí. Mo ní o máa ń rẹ́rìn-ín kí àwàdà tó jáde lẹ́nu rẹ. Mo ní ìwọ lo máa ń bá mi fi òwú sójú abẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, láì fi itọ́ sí i, pé ibẹ̀ la ti sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́. Mo wá bi í bóyá o ti wá sọ́dọ̀ wọn. Ó ní òun ò lè sọ, bí o wá, bí o ò wá, pé ọ̀rọ̀ ẹni tó bá wá, ọ̀dọ̀ àwọn ló ń wà. Inú bí mi. Èmi tí mo lóyún rẹ! Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọjọ́ kejì ni oníbàárà mi kan wá mú aṣọ, ó rọra rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí n sọ ìbàdí ìyàwó àbúrò ọkọ òun fún òun, ṣé òótọ́ ni pé ó ti sanra. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, aránṣọ kì í ta ìbàdí ẹnìkan fún ẹlòmíì. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo jókòó pẹ̀sẹ̀. Gbogbo ìbàdí àdúgbò yìí ló wà lórí mi, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ti ẹnìkejì rẹ̀ rí. Aránṣọ náà lobìnrin yẹn. Ibi tí tépù mi ò dé ló ń wọ̀n.

Nítorí náà, lọ bá a. Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n bá mi bí yẹn, kí ó sìn ọ́ débẹ̀, kí ó sì mú ọ dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìwé kíkọ, alángbá rẹ kò tíì tán. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo gbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo ti ṣì ọ́ lọ́nà rí. Bí o bá lọ tí ibẹ̀ kò sì bá ọ mu síbẹ̀, máa bọ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n má wá nítorí ìgbálẹ̀ mi.

Bàbá rẹ ní kí n tọrọ owó káàdì fóònù lọ́wọ́ rẹ. Mo ní kó lọ kọ́kọ́ tún ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́. Ìwọ̀n rẹ ni èmi ń tọrọ, torí mo fura pé o ti rù. Mo fẹ́ rán aṣọ fún ọ, n ó sì fi àyè sílẹ̀ lójú rírán rẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe sí aṣọ ilé-ìwé rẹ. Lọ́dọọdún ni mo ń tú u sílẹ̀ díẹ̀, títí ọdún kan tí mo tú u tí kò ku àyè kankan mọ́. Mo jókòó ti aṣọ yẹn pẹ́.

Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Ojú kò ní í tì ọ́, ojú kò ní í ti èmi náà lórí rẹ.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo ti ń ránṣọ yìí ṣókùnkùn jù, òwú tí àbúrò rẹ sì bá mi fi bọ abẹ́rẹ́, itọ́ ló máa ń fi sí i. Lọ́la, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, èmi ìyá rẹ àti bàbá rẹ yóò gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi wọ yàrá rẹ. Ibùsùn rẹ á wà níbẹ̀ de ìsinmi. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni n ó gbé e sí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí n lè máa rí ojú abẹ́rẹ́ fúnra mi.