Ìka Alábẹ́rẹ́

Àbámẹ́ta, 1 Máàṣì 2025
Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kí n tó kú. Lọ́dún 1998, mo gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ lọ́wọ́ Ràbíátù, ìyàwó mi, lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ìka rẹ̀ ti ń le, ó ń di funfun nígbà ọyẹ́, aṣọ àwọn èèyàn kò sì tètè parí mọ́. Mo pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ̀yìn náà ni dókítà wá sọ pé àìsàn ni, èyí tó ń sọ awọ di páálí, tó sì ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Mo gbọ́. N kò dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ó ṣì wà lápò mi.

Alábẹ́rẹ́ ni mo ń pè é nígbà tí mo ń fẹ́ ẹ. Èmi ni mo di alábẹ́rẹ́ báyìí.

Ajé, 3 Máàṣì
Láti ọdún tó kọjá ni ìtọ̀ ṣúgà ti dé bá àìsàn tàtijọ́. Dókítà ní oògùn tí wọ́n ń fún un nítorí awọ àti ẹ̀dọ̀fóró wà lára ohun tó fà á. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo ń gún un ní ìka, mo ń wọn ṣúgà rẹ̀, kí n tó fún un ní ínsúlínì. Ẹ̀jẹ̀ kì í fẹ́ jáde. Mo ń gún, mo ń tẹ̀ ẹ́, mo tún ń gún. Kì í ké, ó kàn ní:
"Ẹ rọra rán an, Bàbá Shukurat. Ẹ má jẹ́ kó wọ́."

Ọjọ́rú, 5 Máàṣì
Eyín mi ò lágbára. Mo ní kó máa bá mi yọ kóró inú dàbínù kí n tó ṣínu. Òun ò gbààwẹ̀, dókítà kọ̀ fún un. Ìka tó ti ká kò yẹn ló fi ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ jù. Mo jágbe mọ́ ọn.

Jímọ̀, 7 Máàṣì
Ṣúgà ga gan-an nírọ̀lẹ́. Ti àárọ̀ dára. Àná náà bẹ́ẹ̀. Ó ń jí nǹkan jẹ.
Ó ní òun ò jẹ nǹkan kan. Mo ní irọ́ ni — ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wọn ṣúgà nílé iṣẹ́ míníràlì, ta ló fẹ́ tàn mí? Ó rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ ò là dáadáa mọ́, bí ẹni tó fẹ́ súfèé ló ń rí. "Ọ̀gá onímíníràlì, ẹ yẹ abẹ́ ahọ́n mi wò."
Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò.

Àìkú, 9 Máàṣì
Mo ti ti kọ́bọ́ọ̀dù pa: ṣúgà, mílíìkì, oyin, gbogbo rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ ti wà pẹ̀lú ti ṣọ́ọ̀bù. Shukurat, ọmọ wa, pè mí láti àdúgbò Ọgbà: "Bàbá mi, ẹ kúkú fi ṣéènì dè wọ́n." Mo pa fóònù. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni ìyá rẹ̀ ń pè mí báyìí.
Òórùn bisikíìtì láti ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rélùwéè gba gbogbo yàrá. Ìyẹn ò ṣeé tì pa.

Ìṣẹ́gun, 11 Máàṣì
Ó tún ga. Mo fi ínsúlínì kún un, bí dókítà ṣe ní kí n ṣe tó bá ga tó bẹ́ẹ̀. Mo tún ní kò ní jẹun alẹ́. Ìyà olè.

Ọjọ́rú, 12 Máàṣì
Mo pè é nígbà sààrì. Kò dáhùn. Òógùn ti rin aṣọ rẹ̀ gbingbin. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò mọ̀ mí. Ilé ìwòsàn.

Ọjọ́bọ̀, 13 Máàṣì
Ó ti lajú. Dókítà ní ṣúgà rẹ̀ ló lọ sílẹ̀ jù. Ó bi mí: "Bàbá, ṣé ẹ máa ń fọ ọwọ́ wọn kí ẹ tó gún wọn?" Mo ní aṣọ ló fi ń nù ún; omi tútù máa ń jẹ́ kí ìka rẹ̀ ro ó.
"Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ńkọ́?"
N kò rò ó rí.
"Kí ni wọ́n máa ń fọwọ́ kàn nírọ̀lẹ́?"
Dàbínù. Dàbínù mi. Ṣúgà orí ìka ni mo ń wọ̀n, kì í ṣe ti inú ẹ̀jẹ̀. Nílé iṣẹ́, mo lé ọmọkùnrin kan nítorí pé ó fi ife tí kò fọ̀ ṣe àyẹ̀wò.
Ẹyọ dàbínù kan ò kan ẹnu rẹ̀.

Jímọ̀, 14 Máàṣì
Ó ń wo ògiri.

Ajé, 17 Máàṣì
A ti délé. Mo gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, mo fọ ọwọ́ rẹ̀, mo nù ún. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀: dàbínù, abẹ́ ahọ́n, oúnjẹ alẹ́ tí mo fi dù ú, ṣọ́ọ̀bù. Ó gbọ́ tán. Mo fi kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sí i lọ́wọ́, ti kọ́bọ́ọ̀dù àti ti ṣọ́ọ̀bù. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ sílẹ̀.
"Ẹ bá mi mú un, Bàbá Kọ́kọ́rọ́."
Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Orúnkún mi ń ké. Mo tún fi í sí i lọ́wọ́. Ó tún bọ́.
"Ẹ má bínú. Ọ̀lẹ ni mí."
Ìka tó ń yọ kóró dàbínù! Nígbà tó bọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo wo ojú rẹ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni. Kò tiẹ̀ fi pa mọ́.
Mo tún bẹ̀rẹ̀, mo mú un.