Dókítà Ti Ní Kí N Padà Sínú Omi, Ọkọ Mi Ò Mọ̀

Ẹ jọ̀ọ́ admin, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Ọkọ mi ń rì lójú mi, èmi tó jẹ́ pé iṣẹ́ omi ni mò ń ṣe jẹun, mo dúró, mo ń wò ó. Ẹ má tíì bú mi o. Ẹ kà á tán ná, lẹ́yìn náà kí ẹni tó bá fẹ́ bú mi máa bú mi lọ.

Àkúrẹ́ là ń gbé, lápá Arákalẹ̀. Mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní swimming ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Alágbàká, coach ni gbogbo wọn ń pè mí. Mo bí àkọ́bí mi, obìnrin ni, operation ni wọ́n fi gbé e jáde. Kí n tó kúrò ní hospital ni mo ti bi dókítà pé ìgbà wo ni mo lè padà sínú omi, nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ ò tíì mọ ọmú mu, ìyá ẹ̀ ń bèèrè omi. Dókítà ní kí n ní sùúrù, kí ẹ̀jẹ̀ dá, kí ojú abẹ jinná, kí n wá fún check-up lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí òun fojú ara òun rí i, torí àìsàn lè gba ojú ọgbẹ́ wọlé, ó sì lè gba ojú ara wọlé. Ó tún ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi omi gbígbóná tẹ ikùn mi. Ìyá ọkọ mi jókòó síbẹ̀, ó ń mi orí bí ẹni pé ó gbọ́.

Kò gbọ́ nǹkan kan! Ìyá tèmi ti kú, ìyá ọkọ mi ló wá láti Oǹdó wá bá wa tọ́jú ọmọ. Bá a ṣe délé báyìí ló gbé omi kaná, omi tó ń hó o. Ó ní ṣé dókítà bímọ rí ni, pé ẹ̀jẹ̀ dídì wà nínú mi, ó gbọ́dọ̀ jáde... Mo kọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí ọkọ mi ṣe. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú sẹ́yìn! Èmi tí wọ́n la ikùn mi nítorí ọmọ ẹ̀, ó dì mí mú kí ìyá ẹ̀ lè fi táwẹ́ẹ̀lì gbígbóná tẹ ojú ọgbẹ́ náà, mo ké títí ohùn mi fi há. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún ṣe é. Awọ ikùn mi bó. Ìgbà tí mo gé màmá náà jẹ lọ́wọ́ ni wọ́n tó fi mí sílẹ̀, ọkọ mi sì gbá mi létí lórí ẹ̀. Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹ̀yin náà nìyẹn? Ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èèyàn nìyẹn?

Ọgbẹ́ náà pẹ́, àmọ́ ó jinná. Lọ́jọ́ Monday kan, èmi nìkan lọ fún check-up. Dókítà yẹ̀ mí wò dáadáa, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dá, abẹ ti jinná, mo lè padà sínú omi, kí n kàn máa ṣe é díẹ̀díẹ̀, tí nǹkan bá ń dùn mí kí n jáde. Ẹkún ayọ̀ ni mo sun dé ibi tí mo ti wọ ọ̀kadà. Mi ò sọ fún ẹnì kankan nílé. Báwo ni màá ṣe sọ, nílé tó jẹ́ pé tí mo bá fi omi tútù ṣan ọwọ́ lásán, màmá á pariwo pé mo fẹ́ kí òtútù gba inú ọmú wọ ọmọ òun láyà?

Lọ́jọ́ Thursday mo fọ costume tí mo fi ń lúwẹ̀ẹ́ tó ti ń rùn nínú báàgì, mo sá a sẹ́yìnkùlé, mo gbé ọmọ sílẹ̀ fún màmá pé mo fẹ́ lọ kí àwọn ará ibi iṣẹ́. Àṣìṣe mi nìyẹn. Màmá rí costume tó ń kán tótó lórí okùn, ọmọ sì wúkọ́ lọ́jọ́ náà, ó parí! Ó pe ọmọ ẹ̀ pé ìyàwó ẹ ti ń lọ lúwẹ̀ẹ́, ó fẹ́ pa ọmọ ẹ.

Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ò tíì kan omi o. Coach kejì ti kó àwọn ọmọ lọ pààrọ̀ aṣọ, èmi nìkan jókòó létí pool, mo ń wo omi bí ẹni tó ń wo oúnjẹ. Ọkọ mi dé, kò kí, kò bèèrè, ó gbá irun mi mú, ó wọ́ mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní mi ò wọ omi kankan, ó fọ́ mi létí. Ó ta mí nípàá níkùn, ibi abẹ gan-an... ibi abẹ! Nígbà tó tún gbé ẹsẹ̀ sókè, mo dìde, mo fi gbogbo agbára mi tì í. Ó ṣubú sí ibi tó jìn jù. Kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Ọjọ́ tí mo ní kí n kọ́ ọ, ó ní kí lojú òun á ti wá jọ, kí ìyàwó máa kọ́ òun.

Mo dúró. Ó ń fọwọ́ gbá omi, ojú ẹ̀ wà lójú mi. Kì í ṣe pé mi ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ mi ni, mo mọ̀ pé ẹni tó ń rì kì í lè pariwo. Inú mi ń sọ pé jẹ́ kó mu ún, jẹ́ kó mu ún. Orí ẹ̀ wọlé, kò jáde mọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó bẹ́ wọlé tòun ti ìró àti bùbá, mo fà á jáde, mo tẹ àyà ẹ̀ títí ó fi bi omi sí mi lẹ́sẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó figbe ta.

Wọ́n fóònù pe màmá, ó pọn ọmọ dé, ó ń bèèrè pé báwo lọmọ òun ṣe mu omi tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí èmi wà níbẹ̀. Irọ́ kan yọ lẹ́nu mi. Mo ní dókítà ò tíì gbà kí n wọ omi, ẹ̀rù abẹ ló bà mí. Ẹ wá wo ẹkún! Màmá kúnlẹ̀ fún mi, fún èmi yìí, níwájú àwọn ará hòtẹ́ẹ̀lì. Ọkọ mi sọ fún gbogbo ayé pé òun yọ̀ ni. Wọ́n ti ń múra thanksgiving ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn l'Óǹdó, èmi ni màá jáde jẹ́rìí pé mo fi ẹ̀mí mi wewu nítorí ọkọ mi.

Látìgbà yẹn kò gbé ọwọ́ sókè sí mi mọ́. Omi gbígbóná ti tán nílé. Mo ń gbádùn ẹ̀, ẹ jẹ́ n sòótọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí bí ìgbà tó ń lù mí. Ó rí ojú mi lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé ó rí i. Láàárọ̀ yìí, ó ń dè nápí ọmọ, kò wo ojú mi, ó ní òun máa tẹ̀ lé wa lọ gba abẹ́rẹ́ ọmọ lọ́jọ́ Wednesday, pé òun fẹ́ fẹnu ara òun bi dókítà ìgbà tí mo lè padà sínú omi. Dókítà kan náà ni o! Ṣé ìfẹ́ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀ ni, àbí ó ti fura? Tí mo bá jẹ́wọ́ fún un ṣáájú Wednesday, ṣé ẹsẹ̀ yẹn ò ní padà sí ikùn mi? Àbí kí n gbé ọmọ mi kí n máa lọ? Ibo ni mo fẹ́ lọ? Mo gbọ́ tó ń pè mí báyìí pé kí n wá jẹun, òun fúnra ẹ̀ ló se é... Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?